Ibi Tí Afẹ́fẹ́ Ti Ń Jò

Ẹ̀yin ará mi nínú ẹgbẹ́, ẹ rántí pé ní ìpàdé wa tó kọjá, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí irọ́. Ọ̀kan nínú wa dìde, ó ní irọ́ ò sí níbi tí ẹnu ò bá ti sọ̀rọ̀, pé ẹni tó dákẹ́ kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Àwọn kan ní kó jókòó jàre. Èmi tí ẹ mọ̀ pé ẹnu mi kì í dákẹ́, mi ò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ìpàdé, akọ̀wé wa bi mí pé ṣé ara mi ò yá ni. Ara mi yá. Ọ̀rọ̀ mọ́tò kan ló ń jẹ mí lọ́kàn, ọ̀rọ̀ náà sì gùn ju ìṣẹ́jú méjì tí alága máa ń fún èèyàn lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ síbí.

Ọdún 2022 ló ṣẹlẹ̀. Oṣù kejì ọdún náà ni àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀, ó di oṣù kẹwàá kí ó tó parí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, mi ò tíì mọ ọ̀nà láíbìrì dáadáa. Mo jókòó sílé, mò ń kọ ewì. Nígbà tí oṣù kẹta ti ń lọ sópin, màmá mi wo ìwé ewì mi, ó wo àpò ìrẹsì, ó ní kí n lọ bá àbúrò òun ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ẹ̀ n'Íbàdàn. Èmi tí mi ò fọwọ́ kan sípánà rí! Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, àwọn ọmọ iṣẹ́ bi mí pé kí ni mò ń kà ní yunifásítì. Mo ní Yorùbá ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí ọ̀kan fi jókòó sórí táyà. "Yorùbá tá a ń sọ yìí náà?" Láti ọjọ́ yẹn, Akéwì ni wọ́n ń pè mí. Akéwì, gbé jáàkì wá. Akéwì, fọ púlọ́ọ̀gì yìí.

Àbúrò màmá mi yìí, Bọ̀dá ni mò ń pè é nílé, Ọ̀gá ni mò ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù. Mọ́tò Jámánì ló mọ̀ ọ́n ṣe jù, Volkswagen àti Audi. Ìwà kan wà lọ́wọ́ ẹ̀ tó máa ń bí àwọn oníbàárà nínú: bí o bá gbé mọ́tò dé, tó o ní kó sọ ohun tó ń ṣe é, kò ní sọ. Á ní, "Mi ò tíì rí i." Àwọn mìíràn á ní ọkùnrin yìí ò mọṣẹ́, wọ́n á gbé mọ́tò wọn lọ bá ẹni tó máa dá wọn lóhùn kíá.

Alhájà kan wà tó ń ta aṣọ òkè ní Gbági. Passat ọdún 2000 ni mọ́tò rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní 1.8T. Tòkunbọ̀ ni, ó gba Kutonu wọlé bí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ẹ̀. (Ẹ̀yin tá a jọ ń ka Yorùbá, ṣé ẹ ti rò ó rí? Orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun tí wọ́n gbé wá sílé la mú sọ mọ́tò tí àwọn ẹlòmíràn ti lò kó tó kàn wá. A mọ̀ pé àlòkù ni, síbẹ̀ a sọ ọ́ lórúkọ bí ọmọ. Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀.) Alhájà fẹ́ràn mọ́tò yìí nítorí pé ó máa ń sáré gun òkè. Ó lè kó ẹrù aṣọ kún ẹ̀yìn ẹ̀ láti Ìṣẹ́yìn, kó sì kọjá lára bọ́ọ̀sì bí ẹni pé kò gbé nǹkan kan.

Ní oṣù kẹfà, ó gbé e padà wá sọ́dọ̀ wa, ojú ẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Ó ní lórí títì tó tẹ́jú, kò sóhun tó ṣe é. Tí òun bá dúró, ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n tí òun bá dé ẹsẹ̀ òkè, tí òun tẹ iná mọ́ ọn, ńṣe ni yóò mí "fúùù" bí àgbàlagbà tó gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí èéfín dúdú á bo àwọn tó wà lẹ́yìn. Kò sì ní lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ò bá mẹkáníìkì gbé rí, ẹ fara balẹ̀ díẹ̀ kí n ṣàlàyé. Ẹ́ńjìnnì ń mí bí èèyàn. Ó ń fa afẹ́fẹ́ sínú, ó ń pò ó mọ́ epo, ó ń jó o, ó ń tú èéfín jáde. Ẹ́ńjìnnì lásán máa ń fi agbára ara ẹ̀ fa afẹ́fẹ́ ni. Èyí tó ní tọ́bò, wọ́n ń ki afẹ́fẹ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu ni. Èéfín tó ń jáde lọ ló ń yí abẹ̀bẹ̀ kékeré kan. Abẹ̀bẹ̀ kejì wà lórí ọ̀pá kan náà, òun ló ń ki afẹ́fẹ́ tútù wọlé tipátipá. Ọmọ Switzerland kan, Alfred Büchi, ló gba ìwé àṣẹ ọgbọ́n yìí ní 1905. Ó tó 1962 kí àwọn ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó gbé e sínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n ń tà fún aráàlú, Oldsmobile Jetfire àti Chevrolet Corvair. Abẹ̀bẹ̀ yìí lè yí ju ìgbà 100,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí Bọ̀dá sọ fún mi pé ohun tí ẹ́ńjìnnì ń dà nù ló tún padà wá ń bọ́ ọ, mo kọ ewì kan lé e lórí lóru ọjọ́ yẹn. Ewì náà ò dáa.

Ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà jìn. Ó máa gba inú fíltà kọjá, ó máa kọjá lára sẹ́ńsọ̀ kan tó ń wọn iye afẹ́fẹ́ tó wọlé, kó tó kan tọ́bò. Láti ibẹ̀, ó máa gba họ́ọ̀sì lọ sínú ohun kan tó dà bí rèdíétọ̀ kékeré, níbi tó ti máa tutù, nítorí afẹ́fẹ́ tí wọ́n bá kì pọ̀ máa ń gbóná. Ó tún gba họ́ọ̀sì mìíràn kó tó dé ẹnu ẹ́ńjìnnì. Gbogbo oríkèé ibẹ̀ ló ní kílíìpù. Sẹ́ńsọ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà nìkan ló ń ka iye. Kọ̀ǹpútà mọ́tò, tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní brain box, gba iye tó kà gbọ́, òun ló fi ń bu epo. Ẹ wò ó báyìí: bí alásè họ́sítẹ́ẹ̀lì bá ka èèyàn ogún tó wọlé, tó sì se oúnjẹ èèyàn ogún, tí mẹ́fà ti gba ojú fèrèsé jáde lọ, oúnjẹ á ṣẹ́kù. Oúnjẹ tó ṣẹ́kù nínú ẹ́ńjìnnì ni èéfín dúdú yẹn. Alásè ò ṣe àṣìṣe kankan nínú kíkà. Ẹnu ọ̀nà ló ti kà á. Ojú fèrèsé ni kò rí.

Ibi tó wá mú mi lórí jù nìyí. Bí ihò bá wà lẹ́yìn ọmọ ìlẹ̀kùn tí ẹsẹ̀ awakọ̀ ń ṣí, nígbà tí mọ́tò bá dúró jẹ́ẹ́, ẹ́ńjìnnì á máa fa afẹ́fẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò kà láti ibẹ̀. Epo á kéré, ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n. Nígbà tí mọ́tò bá ń gun òkè tí tọ́bò ń kì í, ihò yẹn kan náà á máa tú afẹ́fẹ́ síta, epo á pọ̀ jù. Ihò kan ṣoṣo, ẹ̀rí méjì tó ta ko ara wọn. Ẹni tó bá gbọ́ ẹ̀rí àárọ̀ nìkan á ní epo ò tó. Ẹni tó bá gbọ́ ti ìrọ̀lẹ́ á ní epo ti pọ̀ jù. Àwọn méjèèjì á máa bú ara wọn.

Alhájà ní kí òun tó padà wá bá wa, ọ̀nà ìrìn àjò ni mọ́tò ti kọ́kọ́ ṣe báyìí, òun sì gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan ní ìlú kan tí mi ò ní dárúkọ. Ọkùnrin náà ki sikáánà bọ̀ ọ́. Kóòdù P1297 ló jáde. Ó ní tọ́bò ti kú. Alhájà san ọgọ́fà ẹgbẹ̀rún náírà, wọ́n yọ tọ́bò tó wà níbẹ̀, wọ́n fi òmíràn sí i. Kò tíì rìn jìnnà nígbà tí èéfín tún dé.

Bọ̀dá ní kí n mú ìwé kan wá nínú dúrọ́ọ̀, kí n ka ohun tí kóòdù yẹn túmọ̀ sí sókè fún Alhájà. Mo kà á, mo sì sọ ọ́ ní Yorùbá: agbára afẹ́fẹ́ ń lọ sílẹ̀ láàárín tọ́bò àti ọmọ ìlẹ̀kùn. Bọ̀dá ní, "Tún un kà." Mo tún un kà. Ó ní, "Ṣé o gbọ́ 'láàárín' yẹn? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ọkùnrin yẹn ò kà nìyẹn." Ó rí tọ́bò nínú gbólóhùn, ó sáré lọ yọ tọ́bò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé gírámà ò wúlò, ọgọ́fà ẹgbẹ̀rún náírà ló bá ọ̀rọ̀ kan lọ yẹn o.

Ó yẹ kí n sọ nǹkan kan níbí. Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo gbé ìwé kan jáde ní 1986, Knowledge, Belief and Witchcraft. Wọ́n jókòó ti àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Yorùbá láti wádìí ohun tí a ń pè ní mímọ̀ àti ohun tí a ń pè ní gbígbàgbọ́. Ohun tí wọ́n bá bọ̀ ni pé èyí tí èèyàn bá fi ojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, ni Yorùbá ń pè ní ohun tó mọ̀. Èyí tí wọ́n bá sọ fún un, ìgbàgbọ́ ni: ó gbà, ó sì gbọ́. Ohun tó wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí à ń kà nílé ẹ̀kọ́, bí a bá wò ó báyìí, a gbà á gbọ́ ni. Ọkùnrin yẹn gba sikáánà gbọ́. Kò tíì mọ nǹkan kan nígbà tó gbowó. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo ń rò nìyẹn: ẹni tó ń sọ ohun tó gbà gbọ́ bí ẹni tó mọ̀ ọ́n, ṣé irọ́ ló ń pa? Mi ò rò pé olè ni. Mo rò pé ó dá ara ẹ̀ lójú. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló ń sanwó ìdánilójú ẹ̀.

Bọ̀dá ò sọ ohun tó ń ṣe mọ́tò. Ó ní kí n lọ pe fọganáísà tó wà lábẹ́ igi máńgòrò, kó gbé kọ̀mpùrẹ́sọ̀ ẹ̀ wá. Gbogbo wa la ti rí bí wọ́n ṣe ń wá ihò tíúùbù: wọ́n á fẹ́ ẹ, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sínú ọpọ́n omi, ibi tó bá ti ń hó ni ihò wà. Mọ́tò odindi ò ṣeé tẹ̀ sínú omi, àbí? Nítorí náà omi ni wọ́n ń gbé lọ bá mọ́tò. Bọ̀dá ní ìdérí páìpù omi kan tó ti lu ihò sí, tó fi fáàfù táyà sínú ẹ̀. Ó yọ họ́ọ̀sì kúrò lára sẹ́ńsọ̀, ó fi ìdérí yìí dí ẹnu ẹ̀ pinpin, ó fi kílíìpù dè é. Ẹ́ńjìnnì wà ní pípa. Wọ́n wá ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i díẹ̀díẹ̀. Kò jẹ́ kó kọjá 10 psi, ó ní ẹni tó bá ti í jù bẹ́ẹ̀ lọ lè fọ́ ohun tí kò bàjẹ́ tẹ́lẹ̀. Ó ní kí wọ́n pa rédíò. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù dákẹ́.

A gbọ́ ọ. "Ṣíììì." Kì í ṣe ibì kan. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, etí máa ń tanni jẹ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ohun tó ń dún lọ́wọ́ ọ̀tún á dà bí ẹni pé ó wà lósì. Bọ̀dá gbé ike omi ọṣẹ, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún lára oríkèé kọ̀ọ̀kan. Lábẹ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń pín sínú ẹ́ńjìnnì, ó bá họ́ọ̀sì kékeré kan tó ti gbẹ bí èèpo ẹ̀pà, ó ti sán. Ọṣẹ ń hó níbẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ hó "Yéè!" Alhájà ní "Alhamdulillahi." Èmi náà rò pé ó tán. Bọ̀dá ní, "Ọ̀kan nìyí. Èyí ló ń mú un gbọ̀n. Ṣé ihò kékeré báyìí ló ń mú un ṣu gbogbo èéfín yẹn?" Ó pààrọ̀ họ́ọ̀sì náà, ó ní kí wọ́n tún fẹ́ ẹ. Géèjì ṣì ń lọ sílẹ̀. Mo rò pé ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kùnà, kì í ṣe mẹkáníìkì nìkan. Èèyàn á rí ẹ̀bi kan, ẹ̀bi gidi, tó ṣeé fọwọ́ kàn, inú ẹ̀ á dùn, á sì dáwọ́ wíwá dúró.

Ó ní kí n mú tọ́ọ̀ṣì, kí n wọ abẹ́ iwájú mọ́tò, lápá òsì níbi tí ohun tó ń mú afẹ́fẹ́ tutù wà, kí n máa kun omi ọṣẹ níbẹ̀. Mo dùbúlẹ̀ sórí páálí. Mo kùn ún. Ó hó. Kì í ṣe híhó kékeré, ó yọ fọ́ọ̀mù bí ọtí tí wọ́n já lójijì. Kílíìpù họ́ọ̀sì ńlá ló wà níbẹ̀, ó dagun, ó jókòó sórí etí páìpù dípò ẹ̀yìn ẹ̀.

Mo mọ kílíìpù yẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ náà, kẹ̀kẹ́ Márúwà kan ti gbá bọ́ńpà Alhájà. Àwọn páńẹ́lì bítà yọ iwájú ẹ̀, wọ́n lù ú, wọ́n gbé e padà wá fún wa ká to ohun tí wọ́n tú. Bọ̀dá ló ní, "Akéwì, de kílíìpù yẹn. Kó wọ ẹ̀yìn etí páìpù o." Mo ní, "Ó ti wọ̀ ọ́, Ọ̀gá." Mo rántí ohun tí mò ń rò lọ́kàn bí mo ṣe ń yí sùkúrù náà: ìlà ewì kan tí kò fẹ́ parí. Kílíìpù le dáadáa lọ́wọ́ mi. Mo fà á, kò mì. Mọ́tò tó dúró jẹ́ẹ́ ò lè fi àléébù yẹn hàn. Ọjọ́ tí tọ́bò bá ti í gan-an, tí òkè bá dé, ni họ́ọ̀sì á sún kúrò níbi tó wà.

Lábẹ́ mọ́tò níbẹ̀, mo gbọ́ Bọ̀dá lókè: "Ó ń hó níbẹ̀?" Mo ní, "Ó ń hó, Ọ̀gá." Mi ò fi nǹkan kan kún un. Ó wá wọlé sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gba tọ́ọ̀ṣì. Ó wo kílíìpù. Ó wo ojú mi. Kò sọ̀rọ̀. Ó tú u, ó ti họ́ọ̀sì wọlé dáadáa, ó de kílíìpù sẹ́yìn etí páìpù. Wọ́n fẹ́ ẹ, géèjì dúró gbọn-in. Alhájà gbé mọ́tò gun òkè Mápó lọ, ó sì bọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó bi í pé, "Ẹ̀ńjíníà, kí ló wá ṣe é gan-an?"

Bọ̀dá dáhùn, "Kílíìpù ló yọ̀, Alhájà."

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀ràn, ẹ bá mi wo gbólóhùn yẹn. Òótọ́ ni látòkè délẹ̀. Kílíìpù yọ̀. Olùwà ibẹ̀ ni kílíìpù. Ọ̀rọ̀-ìṣe ibẹ̀ ò nílò ẹnì kankan. Ó lè sọ pé, "A ò dè é dáadáa." Nínú ìyẹn, "a" á wà níbẹ̀, á dúró níwájú Alhájà bí ọmọ tí wọ́n mú nínú oko èèyàn. Ṣùgbọ́n "kílíìpù ló yọ̀" ò ní "a", kò ní "mo", kò tiẹ̀ ní "wọ́n". Àwa la máa ń sọ pé èdè wa kì í fi olùṣe pamọ́ bí èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń ṣe é. Ẹ tún un rò.

Alhájà fún mi ní ẹgbẹ̀rún kan náírà, ó ní kí Ọlọ́run fi ìmọ̀ kún ìmọ̀ mi. Lẹ́yìn náà ó yí sí ọkùnrin tó ta tọ́bò fún un, ó ṣẹ́ èpè fún un. Ó ní gbogbo àwọn tó ń rin ọ̀nà yẹn lọ kó aṣọ ni òun máa sọ fún. Ó ní olè ni. Ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló tú kílíìpù náà nígbà tó ń yọ tọ́bò, kó lè rí owó jẹ. Bọ̀dá ń fi àkísà nu ọwọ́. Èmi ń ká páálí. Ẹnikẹ́ni nínú wa ò ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹnikẹ́ni ò ní bẹ́ẹ̀ kọ́.

Lálẹ́, a jókòó síwájú ilé, iná ò sí. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ọ̀rọ̀ ń yọ ẹ́ lẹ́nu."

Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ ò sọ fún Alhájà pé àwa ni."

"Ṣé irọ́ ni mo pa?"

"Ẹ ò pa irọ́, sà."

"Kí ló wá kù?"

Mo ní ọgọ́fà ẹgbẹ̀rún ló kù. Ó ní rárá. Ó ní kílíìpù tí mo dè wọ́wọ̀wọ́ ná Alhájà ní ìdádúró ọjọ́ kan àti èéfín. Ohun tó ná an lówó ni pé ọkùnrin kan ò wò kó tó sọ. "Tó bá fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i bí mo ṣe fẹ́ ẹ, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló máa rí i. Kò bá gba ẹgbẹ̀rún méjì. Èwo ni tèmi níbẹ̀?" Mo sọ pé bí kílíìpù ò bá yọ̀, Alhájà ò ní dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin yẹn rárá. Ó ní, "Bí kẹ̀kẹ́ ò bá gbá a náà, kò ní dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣé ká lọ mú oníkẹ̀kẹ́?" Mo mọ̀ pé àṣìṣe kan wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n mi ò tètè rí i. Ó fi kún un, ohùn ẹ̀ sì rọ̀: "Ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin ló ń jẹun lọ́wọ́ mi. Tí wọ́n bá gbọ́ ní Gbági pé ọwọ́ ṣọ́ọ̀bù wa ni mọ́tò Alhájà ti bàjẹ́, wọn ò ní béèrè kílíìpù. Ìwọ ni mo sì bò. Àbí o fẹ́ kí n fi ẹ́ hàn?"

Mi ò fẹ́. Òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn, inú mi sì dùn pé ó bò mí. Tí mo bá ń bá a jà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má rò pé mo mọ́.

Ó pẹ́ kí n tó rí ibi tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti ń jò. Kì í ṣe nínú ohun tó sọ. Gbogbo ohun tó sọ ló jóòótọ́, bí afẹ́fẹ́ tí sẹ́ńsọ̀ kà lẹ́nu ọ̀nà ṣe jẹ́ òótọ́. Láàárín ẹnu ẹ̀ àti etí Alhájà ni nǹkan kan ti sá lọ. Alhájà gba ìyókù, ó bu ìbínú sí i bí ẹni pé ó pé. Ó bínú ìbínú odindi lórí ọ̀rọ̀ tí ìdajì ẹ̀ ti gba ojú fèrèsé lọ. Èéfín dúdú ẹ̀ sì bo ọkùnrin kan tí kò sí níbẹ̀. Ọkùnrin yẹn jẹ̀bi. Ó jẹ̀bi pé ó gbowó lórí ohun tí kò rí. Ṣùgbọ́n kò tú kílíìpù. Ẹ̀bi ẹ̀ ní ìwọ̀n tiẹ̀, a wá gbé tiwa lé e lórí ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, torí ó ti dọ̀tí tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Ẹni tó sọ̀rọ̀ ní ìpàdé máa ní, "Alhájà ló rò ó fúnra ẹ̀. Ẹ ò ní kó rò bẹ́ẹ̀." Òótọ́ ni. Bí o bá wà níbi tí èèyàn ti ń bu epo sí iná lórí ìṣirò tí o mọ̀ pé kò pé, tí o sì ń ká páálí, mi ò mọ orúkọ tí ẹ fẹ́ pe ìyẹn. Bóyá kì í ṣe irọ́. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ mìíràn tó jọ ọ́, a máa ń sọ pé ó *mọ̀ ọ́n mọ̀* dákẹ́. Ìmọ̀ méjì nínú gbólóhùn kan. Ọkùnrin onísikáánà yẹn ò mọ̀, ó sì sọ̀rọ̀. Àwa mọ̀, a fojú rí i, ọṣẹ hó lójú wa, a ò sọ̀rọ̀. Bí a bá gbé àwa méjèèjì sórí òṣùwọ̀n, mi ò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé tiwa ló fúyẹ́.

Nígbà tí ìdaṣẹ́sílẹ̀ parí ní oṣù kẹwàá, mo di ẹrù mi. Ọjọ́ tó ku ọ̀la kí n lọ, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Gbági. Mi ò sọ fún Bọ̀dá. Alhájà ń ká aṣọ lọ́wọ́, ó dá mi mọ̀. "Ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀ńjíníà!" Mo kúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ tí mo ti tò láti ilé fọ́ ká. Mo kàn ní, "Alhájà, èmi ni mo de kílíìpù yẹn tí kò dè dáadáa. Ṣáájú kẹ́ ẹ tó rìnrìn àjò. Kì í ṣe ọkùnrin yẹn ló tú u."

Ó ń ká aṣọ lọ. Ó ní, "Ṣé ọ̀gá ẹ ló rán ẹ?"

"Rárá, mà."

"Ṣó mọ̀?"

Mi ò fẹ́ dáhùn ìyẹn. Mo dákẹ́. Ẹ rí i báyìí, mo tún dákẹ́. Ó wò mí, ó rí ìdáhùn níbẹ̀.

Ó ní, "Ẹgbẹ̀rún kan tí mo fún ẹ ńkọ́?" Mo ní mo ti ná an. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rín ìdùnnú. Ó ní èèyàn bíi mẹ́wàá ni òun ti sọ fún nípa ọkùnrin yẹn, pé ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ lọ gbé mọ́tò ẹ̀ jáde ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ láì ṣe é tán. Ó fa fóònù yọ, ó wá nọ́ńbà, ó pè é níwájú mi. Ó dún títí, wọn ò gbé e. Ó tún pè. Ó gbé fóònù sílẹ̀ sórí aṣọ, ó ní kí n máa lọ, kí ilẹ̀ má ṣú mọ́ mi.

Kò gbé mọ́tò wá sí ṣọ́ọ̀bù fún oṣù mélòó kan. Bọ̀dá ò pè mí fún àkókò kan náà. Màmá mi ní kí n tọrọ àforíjì, mo sì tọrọ rẹ̀, nítorí pé mi ò sọ fún un kí n tó lọ. Ti pé mo lọ, mi ò tọrọ ti ìyẹn.

Ní họlidé tó kọjá, mo yà kí i. Audi kan wà lórí bíríkì, wọ́n ti yọ bọ́ńpà ẹ̀. Ó kí mi, ó béèrè ilé ẹ̀kọ́, ó béèrè ìgbà tí màá parí. Lẹ́yìn náà ó na sùkúrù dírẹ́bà sí mi. Ó ní, "De kílíìpù yẹn." Mo dùbúlẹ̀, mo tì í sẹ́yìn etí páìpù, mo dè é. Mo ní, "Ó ti wọ̀ ọ́, Ọ̀gá."

Ó ní kí n jáde níbẹ̀. Ó mú tọ́ọ̀ṣì, òun náà dùbúlẹ̀, ó lọ wò ó.